Bí a ṣe ń sẹ́ẹ̀tì blow-off valve mọ́tò onítọ́bò: géèjì ni kí ẹ tẹ̀ lé, ẹ má tẹ̀ lé ariwo

Subaru WRX ọdún 2004 ni mò ń wà, tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà, ẹ́ńjìnnì EJ20 onílítà 2.0, jíà aláfọwọ́yí. Kí mọ́tò náà tó dé ọwọ́ mi, ẹni tó kọ́kọ́ ni ín ti yọ blow-off valve (fáàfù tó ń tú afẹ́fẹ́ tọ́bò sílẹ̀ bí a bá gbé ẹsẹ̀) tó bá a wá láti ilé iṣẹ́, ó ti fi èyí tí wọ́n ń tà lọ́jà rọ́pò rẹ̀, aláwọ̀ fàdákà, tó ní sìkúrù lórí. Láàárín ọ̀sẹ̀ kìíní, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mọ́tò náà kú mọ́ mi lọ́wọ́ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Bí mo bá ti tẹ kílọ́ọ̀ṣì pé kí n dúró báyìí, ọwọ́ rpm, tó ń ka ìyípo ẹ́ńjìnnì ní ìṣẹ́jú kan, á já wálẹ̀, ẹ́ńjìnnì á gbọ̀n rìrì, á kú. Mẹkáníìkì kan bá mi de sìkúrù náà mọ́lẹ̀ títí ó fi dé òpin. Mọ́tò kò kú mọ́ lóòótọ́, àmọ́ gbogbo ìgbà tí mo bá yí jíà ló bẹ̀rẹ̀ sí í dún tùtùtùtùtù bí ẹyẹlé tó ń gbọn ìyẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò fẹ́ràn ìró yẹn gan-an. Èmi náà fẹ́ràn rẹ̀ títí mo fi mọ ohun tó ń ṣe sí tọ́bò.

Láti ìgbà náà, mo ti sẹ́ẹ̀tì irú fáàfù yìí fún ara mi àti fún ọ̀rẹ́ mélòó kan. Ohun kan ṣoṣo ló ń da gbogbo wa láàmú: etí la fi ń sẹ́ẹ̀tì ohun tó yẹ kí á fi géèjì sẹ́ẹ̀tì. Bí ẹ bá ní géèjì vacuum (tó ń wọn bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń fa afẹ́fẹ́ mọ́ra tó) àti sùúrù wákàtí méjì, iṣẹ́ yìí kò le.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú fáàfù náà

Tọ́bò ní wíìlì méjì lórí ọ̀pá kan. Èéfín tó ń jáde nínú ẹ́ńjìnnì ló ń yí ọ̀kan. Èkejì ń fa afẹ́fẹ́ wọlé, ó ń kì í mọ́ra, ó ń tì í gba inú intercooler, tó ń mú un tutù, lọ sẹ́nu throttle, ilẹ̀kùn tó ń ṣí bí ẹ bá tẹ iná. Bí iṣẹ́ bá wọ̀ ọ́ lára, ọ̀pá yẹn lè yí ju ìgbà 100,000 lọ láàárín ìṣẹ́jú kan. Wàyí o, bí ẹ bá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná láti yí jíà, ilẹ̀kùn throttle á pa dé lójijì. Afẹ́fẹ́ tó ti kì mọ́ra ṣì ń bọ̀, kò sì síbi tí yóò gbà. Á ṣẹ́rí padà, á lọ kọlu wíìlì tó tì í wá. Wíìlì á tún tì í síwájú, òun náà á tún padà wá. Ìtìsíwá-ìtìsẹ́yìn yìí lẹ ń gbọ́ tó ń dún tùtùtùtù. Béárìn tó gbé ọ̀pá náà dúró ló ń jẹ ìyà rẹ̀, tọ́bò á tún rọ̀, ẹ̀yin náà á sì máa dúró dè é kó tó tún gbéra lẹ́yìn gbogbo jíà.

Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ni blow-off valve jẹ́ fún afẹ́fẹ́ yẹn. Inú rẹ̀ ni písítìnì kan wà tàbí awọ rọ́bà kan. Lórí rẹ̀ ni sípíríǹgì jókòó sí. Họ́ọ̀sì kékeré kan ti inú manifold (ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń pín wọ ẹ́ńjìnnì lẹ́yìn throttle) wá, ó wọ yàrá tó wà lókè písítìnì náà. Ìsàlẹ̀ písítìnì kọjú sí afẹ́fẹ́ tọ́bò.

Ẹ jẹ́ ká wò ó ní ìgbà mẹ́ta. Àkọ́kọ́ ni sìlóò, ìyẹn ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ tí ẹsẹ̀ kankan kò sí lórí iná. Ẹ́ńjìnnì ń fa afẹ́fẹ́, ilẹ̀kùn throttle sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa dé tán, nítorí náà vacuum wà nínú manifold, ó sì ń fa písítìnì sókè. Sípíríǹgì nìkan ló ń dì í mú. Èkejì ni ìgbà tí ẹ tẹ iná mọ́lẹ̀: boost (afẹ́fẹ́ tí tọ́bò ti kì mọ́ra) wà nísàlẹ̀ písítìnì, boost kan náà gba inú họ́ọ̀sì kékeré wá sókè rẹ̀, méjèèjì bá ara wọn dọ́gba, sípíríǹgì sì ti fáàfù pa láìlàágùn. Ẹ̀kẹta ni ìgbà tí ẹ gbé ẹsẹ̀: boost ṣì wà nísàlẹ̀ tó ń tì í sókè, vacuum sì dé sókè tó ń fà á. Fáàfù á ṣí wàà.

Ìgbà kejì yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ tún kà. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló gbà gbọ́ pé bí boost bá ti pọ̀ sí i, àfi kí a de sípíríǹgì le sí i kí fáàfù má baà jò. Kò rí bẹ́ẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó wà lókè písítìnì ló ń bá ti ìsàlẹ̀ jà. Ti sípíríǹgì kéré níbẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí díẹ̀ ni bí ẹ bá gbé fáàfù sáàárín tọ́bò àti intercooler, nítorí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ máa ń fi psi (ìwọ̀n tí a fi ń fẹ́ táyà) kan sí mẹ́ta ju ti inú manifold lọ, sípíríǹgì sì gbọ́dọ̀ lè dá ìyàtọ̀ yẹn dúró. Lórí WRX, orí intercooler gan-an ni fáàfù jókòó sí, nítorí náà kò sí wàhálà yẹn.

Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò tì í. Ká ní písítìnì fẹ̀ tó mílímítà 30. Vacuum sìlóò tó jẹ́ 20 inHg (ìwọ̀n tí géèjì vacuum ń kà) á máa fà á sókè pẹ̀lú agbára tó tó ohun tó wúwo tó kílò márùn-ún. Nígbà tí ẹ bá gbé ẹsẹ̀ lórí boost 14 psi, agbára tó ń gbé e sókè á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò 12. Àlàfo tó wà láàárín márùn-ún àti 12 yẹn ni gbogbo iṣẹ́ wa wà. Sípíríǹgì tó ń ti kílò márùn-ún àtààbọ̀ sí mẹ́fà á pa fáàfù dé ní sìlóò, á sì jẹ́ kó tètè ṣí nígbà tó yẹ. Èyí tó ń ti kílò 11, bí tèmi ṣe rí nígbà tí wọ́n dè é dé òpin, á ṣí pẹ́, á ṣí díẹ̀, afẹ́fẹ́ á sì ti padà lu tọ́bò kó tó ráyè jáde.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan sìkúrù: irú fáàfù wo ló wà lórí mọ́tò yín?

Oríṣi méjì ló wà. Ọ̀kan ń tú afẹ́fẹ́ síta, òun ló ń dún pṣììì tí gbogbo àdúgbò ń gbọ́. Èkejì ń dá afẹ́fẹ́ padà sínú họ́ọ̀sì tó wà níwájú tọ́bò, ohùn rẹ̀ kéré. WRX ní sẹ́ńsọ̀ MAF lẹ́yìn asẹ́ afẹ́fẹ́, òun ló ń ka iye afẹ́fẹ́ tó wọlé, tí brain box (kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì) fi ń mọ iye epo tí nọ́súlù máa fọ́n. Bí ẹ bá tú afẹ́fẹ́ tí wọ́n ti kà síta, brain box ò mọ̀. Epo rẹ̀ ló máa fọ́n. Epo á pọ̀ jù fún ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹ ó gbóòórùn rẹ̀, sàlẹ́ńsà lè yọ èéfín dúdú tàbí kó dún gbàù. Bí fáàfù náà bá tún ń ṣí ní sìlóò, afẹ́fẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò kà á gba ẹnu rẹ̀ wọlé, sìlóò á máa gòkè sọ̀kalẹ̀, mọ́tò á sì máa kú nígbà tí ẹ bá ń dúró. Ohun tó ń ṣe èmi gan-an nìyẹn.

Nítorí náà, fún mọ́tò tó ní MAF bíi WRX, ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ lo fáàfù tó ń dá afẹ́fẹ́ padà. Mo mọ̀ pé ariwo wu èèyàn. Àmọ́ mọ́tò tí kò kú lórí afárá wu èmi jù. Àwọn mọ́tò tó ń lo sẹ́ńsọ̀ MAP, tó ń ka agbára afẹ́fẹ́ nínú manifold, bíi Toyota Starlet GT Turbo, lè tú u síta láìsí wàhálà epo, nítorí ohun tó wà nínú manifold ni brain box wọn ń wò.

Ẹ tún wo bí wọ́n ṣe ń sẹ́ẹ̀tì tiyín. Nínú àwọn fáàfù tí wọ́n ń tà lọ́jà, GReddy Type RS ní sìkúrù àti nọ́ọ̀tì ìdè lórí. Ti TiAL, sípíríǹgì lẹ máa pààrọ̀, ẹ ó sì fi vacuum sìlóò yín mú èyí tó yẹ nínú èyí tí wọ́n tò sílẹ̀. HKS SSQV kò ní sìkúrù kankan tí ẹ máa yí. Bó bá ń ṣe ségesège, ẹ wá ibi tó ti ń jò, tàbí kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ojúlówó ni, nítorí ayédèrú rẹ̀ pọ̀ lọ́jà. Bí mọ́tò yín bá sì jẹ́ Volkswagen tàbí Audi 2.0 TSI, iná mànàmáná ni brain box fi ń ṣí fáàfù tiyín. Ọ̀nà tí mò ń sọ yìí kò bá a mu.

Ohun tí ẹ máa nílò

Sípánà 10 àti 12, àwọn Allen key, géèjì tó ń ka vacuum àti boost, T kékeré kan (ojúpọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́ta) pẹ̀lú họ́ọ̀sì ìwọ̀n mítà kan àtààbọ̀, omi ọṣẹ nínú ike tí wọ́n fi ń fọ́n omi, okùn ìdè oníke, àti ọ̀dà funfun ìṣàmì. Bí ẹ bá lè rí ẹ̀rọ ìfọwọ́fà vacuum yá, èyí tí wọ́n fi ń tú afẹ́fẹ́ inú bíréèkì jáde, iṣẹ́ á dín kù sí ìdajì. Ẹ̀rọ OBD kékeré tó ń ka ìròyìn brain box sórí fóònù náà wúlò.

Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù kí ẹ tó tú ohunkóhun. Tọ́bò WRX wà lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì lápá ọ̀tún, intercooler sì wà lókè, ó sún mọ́ ọn. Irin ibẹ̀ lè bó èèyàn lọ́wọ́. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá sì ń ṣiṣẹ́, ẹ ká apá aṣọ sókè, ẹ jìnnà sí bẹ́líìtì àti fáànù. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.

Ìgbésẹ̀ 1: ẹ kọ́kọ́ wá ibi tó ń jò

Ẹ má sẹ́ẹ̀tì fáàfù lórí mọ́tò tó ń jò. Ẹ ó kàn máa fi sìkúrù bo àìsàn mìíràn mọ́lẹ̀ ni. Ẹ yọ họ́ọ̀sì tó wà níwájú tọ́bò lẹ́yìn MAF, ẹ fi ìdérí PVC tó bá ẹnu rẹ̀ mu dí i. Ẹ ti ní kí fọkanáísà bá yín lu ihò sí ìdérí náà, kó fi fáàfù kékeré tí wọ́n fi ń fẹ́ táyà sí i. Ẹ wá rọra fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i títí á fi dé 10 psi. Ẹ má jẹ́ kó kọjá 15, nítorí afẹ́fẹ́ yìí ń wọ inú ẹ́ńjìnnì náà, ó sì lè ti síìlì ọ́ìlì jáde. Ẹ má dúró síwájú ìdérí PVC yẹn o. Bó bá já, bí òkúta ló ṣe ń fò.

Ẹ fọ́n omi ọṣẹ sí gbogbo ojúpọ̀: ẹnu intercooler méjèèjì, họ́ọ̀sì throttle, ìdí fáàfù níbi tí bóòtù méjì dè é mọ́ intercooler. Gasket ìdí fáàfù yẹn ni ẹ wò dáadáa. Ibi tí ọṣẹ bá ti ń hó lẹ ti máa tún un ṣe. Lórí mọ́tò mi, họ́ọ̀sì rọ́bà kan tí ooru ti sọ di gbígbẹ ló ń jò lábẹ́ intercooler, ojú lásán kò lè rí i.

Ìgbésẹ̀ 2: họ́ọ̀sì kékeré

Èyí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń fojú pa rẹ́, bẹ́ẹ̀ òun ni ẹnu tí manifold fi ń bá fáàfù sọ̀rọ̀. Ó gbọ́dọ̀ wá láti inú manifold, lẹ́yìn ilẹ̀kùn throttle. Bí ẹ bá so ó mọ́ iwájú throttle, boost nìkan ni yóò máa gbọ́, kò ní gbọ́ vacuum láé, fáàfù ò sì ní ṣí. Kí ó dá wà: ẹ má fi T so géèjì tàbí boost controller (ẹ̀rọ tó ń darí boost) mọ́ ọn títí ayé. Kí ó kúrú, kí inú rẹ̀ fẹ̀ tó mílímítà márùn-ún tàbí mẹ́fà. Họ́ọ̀sì tóóró gígùn máa ń jẹ́ kí ìròyìn pẹ́ kó tó dé, fáàfù á sì máa ṣí lẹ́yìn àkókò, gẹ́gẹ́ bí ìgbà tí sípíríǹgì le jù. Mo ti rí ẹni tó pààrọ̀ sípíríǹgì lẹ́ẹ̀mejì kó tó mọ̀ pé họ́ọ̀sì rẹ̀ ló ká lábẹ́ batiri. Ẹ fi okùn ìdè de ẹnu rẹ̀ méjèèjì.

Ìgbésẹ̀ 3: ẹ ka vacuum

Ẹ fi T so géèjì mọ́ họ́ọ̀sì kékeré yẹn fún ìgbà díẹ̀. Ẹ tan mọ́tò, ẹ jẹ́ kó gbóná dáadáa, kí fáànù tan kó tún pa lẹ́ẹ̀kan. Ẹ pa AC. Ẹ dúró kí sìlóò fara balẹ̀, kí ẹ wá ka géèjì. Ẹ́ńjìnnì WRX tó lera, tí wọn kò tíì pààrọ̀ camshaft rẹ̀ (ọ̀pá tó ń ṣí fáàfù inú ẹ́ńjìnnì), máa ń fi nǹkan bíi 18 sí 21 inHg hàn ní ìlú tó wà nítòsí òkun. Bó bá jẹ́ 14 lẹ rí, tàbí tí ọwọ́ géèjì ń gbọ̀n pìpì, ẹ dá iṣẹ́ dúró. Ibì kan ń jò, tàbí iná púlọ́ọ̀gì kò dára, tàbí fáàfù inú ẹ́ńjìnnì kò pa dé dáadáa. Tèmi fi 20 hàn, mo kọ ọ́ sórí bébà lẹ mọ́ inú bọ́nẹ́ẹ̀tì.

Gíga ìlú ń yí nọ́ḿbà yìí padà. Ní nǹkan bíi gbogbo mítà 300 tí ẹ bá gòkè, inHg kan máa ń lọ. Jos ga tó nǹkan bí 1,200 mítà, nítorí náà mọ́tò tó fi 20 hàn l'Ékòó á fi bíi 16 hàn níbẹ̀, sípíríǹgì tó tọ́ l'Ékòó á sì le jù díẹ̀ lọ́hùn-ún. Ìlú tí mọ́tò ń gbé ni kí ẹ ti sẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 4: sísẹ́ẹ̀tì gan-an

Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ jẹ́ kó tutù, kí ẹ yọ fáàfù kúrò. Ẹ nu inú rẹ̀, ẹ fi ìka ti písítìnì wò: ó yẹ kó máa lọ bọ̀ geerege láìhá. Bí ti písítìnì bá gbẹ, ẹ fi gíríìsì silicone díẹ̀ pa á. Ti awọ rọ́bà, ẹ má fi ọ́ìlì kankan sí i. Ẹ kàn wò ó sí ìmọ́lẹ̀ bóyá ó ti ya.

Ẹ tú nọ́ọ̀tì ìdè. Kí ẹ tó yí sìkúrù, ẹ ka iye ìyípo tó gbà kó tó dé òpin ìsàlẹ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ lè mọ ọ̀nà ilé bí nǹkan bá dàrú. Yíyí sí ọwọ́ ọ̀tún ń mú sípíríǹgì le, yíyí sí òsì ń mú un rọ̀.

Bí ẹ bá ní ẹ̀rọ ìfọwọ́fà vacuum, ẹ so ó mọ́ ẹnu kékeré orí fáàfù, ẹ máa fà á díẹ̀díẹ̀, kí ojú yín wà lára písítìnì. Ẹ wo nọ́ḿbà tí písítìnì ti kọ́kọ́ gbéra kúrò nídìí. Fáàfù tó ń tú afẹ́fẹ́ síta gbọ́dọ̀ gbéra ní inHg kan tàbí méjì ju ti sìlóò yín lọ; sìlóò mi jẹ́ 20, nítorí náà 21 tàbí 22. Fáàfù tó ń dá afẹ́fẹ́ padà lè rọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, kódà kó gbéra ní 16 tàbí 17, torí bó bá tilẹ̀ ṣí díẹ̀ ní sìlóò, afẹ́fẹ́ tí MAF ti kà ló ń yípo nínú ilé ara rẹ̀. Rírọ̀ náà ń jẹ́ kó tètè ṣí. Ẹ wá dá ẹ̀rọ náà dúró ní 15 fún ìṣẹ́jú kan: ti awọ rọ́bà kò gbọdọ̀ sọ̀ kalẹ̀ rárá, ti písítìnì lè máa sọ̀ díẹ̀díẹ̀. Bó bá já wálẹ̀ wàrà, O-ring (òrùka rọ́bà) tàbí awọ rẹ̀ ti bàjẹ́, kò sì sí sìkúrù tó lè wò ó sàn.

Bí ẹ ò bá ní ẹ̀rọ yẹn, bébà tinrin á ṣe é fún fáàfù tó ń tú u síta. Ẹ dá fáàfù padà sórí mọ́tò, ẹ yí sìkúrù sí òsì títí sípíríǹgì fi rọ̀ jù, ẹ tan mọ́tò. Ẹ mú bébà náà sún mọ́ ẹnu rẹ̀. Á fà á mọ́ra. Ẹ máa yí sìkúrù sí ọ̀tún ní ìdámẹ́rin ìyípo, ẹ dúró ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá láàárín. Ìgbà tí bébà bá jábọ́, fáàfù ti pa dé nìyẹn. Ẹ fi ìdámẹ́rin ìyípo kan péré kún un, kí ẹ dúró níbẹ̀. Ó máa ń ṣe èèyàn bíi pé kó tún fi ìyípo méjì lé e fún ìfọ̀kànbalẹ̀. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ìyípo méjì yẹn ló ń gbé kílò mẹ́fà wa lọ sí kílò 11.

Mo tẹnu mọ́ pípa dé ní sìlóò fún irú èyí nítorí ìdí mìíràn tó kan wa nílẹ̀ yìí: afẹ́fẹ́ tó ń gba ẹnu fáàfù wọlé kò kọjá nínú asẹ́. Nígbà ọyẹ́, eruku ni ẹ ń fún ẹ́ńjìnnì jẹ lójoojúmọ́.

Ìgbésẹ̀ 5: lójú ọ̀nà

Ẹ mú ẹnì kan dání kó máa wo géèjì. Ojú yín kò gbọdọ̀ kúrò lójú títì. Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú lójú ọ̀nà tó dá ni mo máa ń lò. Ẹ wà á ní jíà kejì, ẹ tẹ iná láti bíi 2,500 rpm dé 4,500, kí ẹ wá gbé ẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Lórí WRX, ìyẹn kò ju bíi kìlómítà 70 ní wákàtí kan lọ, kò sídìí fún eré àsápajúdé.

Bí ó bá dún fììì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tí boost sì já wálẹ̀ kíá, ó dára. Bó bá dún tùtùtùtù lẹ́yìn boost 10 psi sókè, ó ṣì le. Ẹ yí sìkúrù sósì ní ìdámẹ́rin, kí ẹ tún dán an wò. Tùtùtù kékeré tó ń dún nígbà tí boost kò ju psi méjì sí mẹ́rin lọ kò tó nǹkan, ọ̀pọ̀ fáàfù tó tọ́ ló ń ṣe é, nítorí agbára tó ń gbé písítìnì kéré nígbà yẹn. Ẹ má lé e kiri.

Lẹ́yìn náà ni ìdánwò irú ibi tí mọ́tò ti ń kú mọ́ mi lọ́wọ́ nígbà àkọ́kọ́: ẹ jẹ́ kó ń lọ ní bíi 3,000 rpm, ẹ gbé ẹsẹ̀, ẹ tẹ kílọ́ọ̀ṣì kí ẹ sì dúró. Ṣe é lẹ́ẹ̀marùn-ún, pẹ̀lú AC àti láìsí AC. Ọwọ́ rpm lè rì díẹ̀, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ padà sí sìlóò fúnra rẹ̀. Bí fáàfù tó ń tú síta bá ṣì ń pa mọ́tò lẹ́yìn tí bébà ti jábọ́, kì í ṣe sìkúrù ló kàn mọ́. Ẹ dá afẹ́fẹ́ rẹ̀ padà sínú họ́ọ̀sì tọ́bò. Ohun tí mo ṣe nìyẹn ní ìkẹyìn, mo ra fáàfù tó ń dá a padà, àìsàn náà sì lọ.

Bí OBD bá wà, ẹ wo long-term fuel trim (ìdá ọgọ́rùn-ún epo tí brain box ń fi kún tàbí tó ń yọ kúrò) ní sìlóò. Láàárín -5 àti +5 ló ti dùn mọ́ mi nínú. Bó bá ti kọjá +10, afẹ́fẹ́ tí wọn kò kà ń wọlé, iná check engine pẹ̀lú kóòdù P0171 (epo kò tó afẹ́fẹ́) kò sì ní pẹ́ dé. Ẹ padà sí ìgbésẹ̀ kìíní.

Ìdè àti ìtọ́jú

Ẹ fi Allen key di sìkúrù mú kó má yí, kí ẹ fi sípánà de nọ́ọ̀tì ìdè. Ẹ má fi gbogbo agbára dè é. Irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni ìdérí rẹ̀. Ẹ fa ìlà ọ̀dà funfun kan kọjá láti orí sìkúrù dé orí nọ́ọ̀tì dé ara ìdérí. Ẹ yọ T àti géèjì, ẹ dá họ́ọ̀sì kékeré padà, ẹ sì fi okùn dè é.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì wo ìlà yẹn. Bó bá ti ya kúrò lára wọn, sìkúrù ti yí. Ẹ dá a padà kí ẹ tún un dè. Ní tèmi, lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, lẹ́yìn tí ọyẹ́ bá lọ, mo máa ń yọ fáàfù náà, mo ń nu písítìnì, mo ń fi gíríìsì tuntun pa á, mo sì ń ka vacuum lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó ti fi 20 hàn fún ọdún mẹ́ta. Lọ́dún tó kọjá ó fi 18 hàn, n kò sì fọwọ́ kan sìkúrù rárá: omi ọṣẹ ni mo gbé, mo sì rí họ́ọ̀sì PCV (èyí tó ń dá èéfín inú ẹ́ńjìnnì padà) tó ti là lábẹ́ manifold.